Dá Ilẹ̀ Etí Odò Padà fún Wọn

Àlàní ọmọ mi, ìwọ tí mo pọ̀n la igbó já,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọkùnrin elépo tó mú un wá kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní òun fẹ́ dé ọjà kí oòrùn tó mú. Mo bu omi fún un, orí ìdúró ló ti mu ún. Mo ń bi í ní ọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi títí ó fi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n máa lọ. Ohun gbogbo ló wà nínú ìwé." Kò mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ìwé ni mo ṣe ń dá a dúró. Ó ti pẹ́ tí ohùn ẹlòmíràn ti dún nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí.

Ìkọ̀wé rẹ ṣì burú. Nígbà tí mo ń kọ́ ọ lórí wàláà, bí bàbá mi àlùfáà ṣe kọ́ èmi náà, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ọ pé kí o yé fi kálámù gún nǹkan bí ẹni tó ń gbin àgbàdo. O ò gbọ́ nígbà náà, o ò sì tíì gbọ́ báyìí. Síbẹ̀ mo kà á, mo tún un kà. Wọ́n ti fi ọ́ ṣe Olórí Abà. O ní ọkọ́ tí àwọn baálé ilé gbé kalẹ̀ pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ débi pé ìyàwó rẹ kò rí ibi gbà jáde lọ pọnmi. O tún ní ọkọ́ Òjó alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ balẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn ohun tí ilé wa ṣe sí ọkùnrin yẹn.

Inú mi dùn, Àlàní. Ọlọ́run Ọba tó gbé ọ dé ipò náà kò ní jẹ́ kí o ṣìnà níbẹ̀. O sì ní kí n wá, pé o ti mọ yàrá kan tó kọjú sí agbo ilé fún mi, kí n lè máa rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Èmi yóò dá ọ lóhùn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́ kí n sáré po tàdáwà ìkọ̀wé lónìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé rẹ tí o kọ bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan. O ní ilẹ̀ etí odò ni wọ́n ń ṣán fún ọ fún oko olórí, ilẹ̀ dúdú tó tutù, tí èèyàn lè fi ọwọ́ lásán gbẹ́. O ní oko náà yóò dára. Mo mọ̀ pé yóò dára. Òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

O mọ àṣà wa tí ẹ gbé lọ sí abà yín lọ́nà Lálúpọn, ṣùgbọ́n o ò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn mi ni o wà. Nígbà tí ogun tú wa ká, tí a sá pàdé ara wa ní ibí yìí, tí a pè é ní Àjọwá, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni oníkálukú ti wá. Ẹnìkan ní ilé ọba ni wọ́n ti bí òun. Ẹlòmíràn ní bàbá òun ló jẹ Baálẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ẹlòmíràn ní òun ló kọ́kọ́ dá iná síbí. Díẹ̀ ló kù kí a fi àdá tí a fi ń ṣán igbó ṣán ara wa. Níkẹyìn àwọn àgbà ní kò sí ẹni tí yóò jẹ Baálẹ̀. Olórí Abà nìkan ni a ó máa ní, kò sì ní í jẹ́ ti ilé kan, kò ní í jẹ́ títí ọjọ́ ikú. Baálé ilé kọ̀ọ̀kan yóò gbé ọkọ́ rẹ̀ síwájú ilé ẹni tó wù ú. Ẹni tí ọkọ́ bá pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni olórí, ọkọ́ wọ̀nyẹn náà ni wọn yóò sì fi ṣe ọ̀wẹ̀ fún un, tí wọn yóò fi dá oko tuntun fún un, nítorí ẹni tó ń dá ẹjọ́, tó ń gba àlejò, tó ń lọ sí Ìbàdàn nítorí gbogbo wa, kò ní í ráyè oko tirẹ̀.

Oko yẹn náà ni wọ́n fi ń mọ ìgbà. Ọdún iṣu, ọdún àgbàdo, ọdún ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ òkè lágbègbè wa ti rẹ̀, koríko èèkan á gbà á. Ọjọ́ tí èèkan bá bo oko olórí, gbogbo wa á lọ wò ó, a ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó sinmi, a ó sì fi ọkùnrin náà sílẹ̀ kó sinmi. Ìdí tó fi dára nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò dojú kọ ẹnikẹ́ni pé, "Ó tó gẹ́ẹ́." Ilẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ilẹ̀ kò sì ní ìbátan.

Ilẹ̀ etí odò ńkọ́, Àlàní? Ilẹ̀ tí omi ń bọ́ lọ́dọọdún, ìgbà wo ni yóò rẹ̀?

Nítorí náà, èkínní, kí ilẹ̀ ọjọ́ tí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ tó ṣú, pe àwọn baálé ilé jọ, kí o dá ilẹ̀ náà padà fún wọn. Sọ pé orí òkè ni o fẹ́, níbi tí ti àwọn tó ṣáájú rẹ wà. Wọ́n lè ní ìfẹ́ ni àwọn fi fún ọ. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ìfẹ́ náà máa ń ba èèyàn jẹ́. Wọ́n á ní àwọn ti ṣán an tán. Ní kí wọ́n fún àwọn opó, kí wọ́n máa gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lo yàn án, má sọ fún mi. Ṣáà dá a padà.

Èkejì, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ọ́ ní Baálẹ̀. O ò sọ ọ́ nínú ìwé rẹ, ṣùgbọ́n mo bi elépo léèrè, ó ní àwọn kan ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ yẹn dùn létí. Mo mọ adùn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí èmi ni mo kọ́kọ́ fi pe bàbá rẹ.

Ẹ̀yin ọmọ mọ ìyókù ní ìdajì, ẹ̀ ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ìta. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí nínú ilé. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Bàbá rẹ jẹ́ olórí rere. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé wọn kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n bá dá, tọ̀tún tòsì ni í jùmọ̀ jẹun kí wọ́n tó túká. Bí wọ́n bá ru iṣu àti ẹ̀wà lọ bá ológun tí a fara ti ní Ìbàdàn, wọn kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ológun náà máa ń pè wọ́n wọlé ni, ó mọ orúkọ wọn, ó mọ̀ pé wọn kì í jẹ obì tó bá korò. Ọdún iṣu kọjá, ọdún àgbàdo kọjá. Ọdún ẹ̀gẹ́ ń lọ sópin nígbà tí bàbá rẹ ti oko dé lọ́jọ́ kan tí wọn kò jẹun. Èèkan ti yọ ní igun kan oko náà.

Wọ́n sọ fún mi pé, "Àṣàkẹ́, èmi nìkan ni wọ́n mọ̀ ní Ìbàdàn. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Òjó ni ọkọ́ yóò lọ. Bí Òjó bá dé ibẹ̀, ta ni yóò dá a lóhùn? Bí àwọn ọmọ ogun bá wá kó iṣu wa, ta ni yóò sọ̀rọ̀?"

Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa. Ìdí nìyí tó fi le. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ lórí oyè kì í sọ pé òun fẹ́ràn oyè. Nǹkan tòótọ́ kan ni í máa ń sọ.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Baálẹ̀."

Wọ́n wò mí. Wọn kò bá mi wí. Mo tún un pè.

Kí ló fà á tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀? Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Ọmọ ẹni tó sá fún ogun ni mí. Nígbà tí mo wà ní ọmọbìnrin, mo wọ ìlú púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ mi di olórí, bí mo bá dé odò, àwọn obìnrin á yà, wọ́n á ní, "Ìyá Àlàní, ẹ kọ́kọ́ pọn tiyín." Omi kan náà ni gbogbo wa ń pọn. Ó kàn dùn mọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ pọn ọ́n ni. Mi ò fẹ́ kó tán.

Ìyálé mi, ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, kò gbà. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ ń sọ̀rọ̀, Àṣàkẹ́. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán." Mo dá wọn lóhùn pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni à ń jẹ́ kó tán. Mo lẹ́nu nígbà náà. Níkẹyìn àwọn náà gbé apẹ̀rẹ̀ wọn, nítorí ọkọ ló ní ká ṣe é.

A tu èèkan náà láti gbòǹgbò. A kó ààtàn ẹ̀yìnkùlé lọ dà sóko, a kó eérú ìdáná, a gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ jọ. Kò sí ẹni tó ń fi ààtàn bọ́ oko òkè ní ilẹ̀ wa. Ìgbà tí ilẹ̀ bá rẹ̀, a ó ṣí lọ sí òmíràn, ilẹ̀ pọ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tó rí wa tí kò mọ ohun tí à ń ṣe. Òórùn rẹ̀ nìkan tó ẹlẹ́rìí. Obìnrin kan pàdé wa lọ́nà, ó ní, "Ìyá Àlàní, ṣé ilé lẹ̀ ń kó lọ sóko ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀.

Nígbà tí òjò dé, àgbàdo oko náà ga débi pé ẹni tó bá wọnú rẹ̀ kò ní í rí ẹni tó wà ní òdìkejì. Bàbá rẹ pe àwọn baálé ilé wá wò ó. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ilẹ̀ yìí kò tíì rẹ̀." Àwọn baálé ilé wò ó. Òjó mú ewé àgbàdo kan, ó fi ọwọ́ pa á, ó fi sílẹ̀. Gbogbo wọn ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Wọ́n lọ sílé.

Bàbá rẹ padà sílé, wọ́n jẹ iyán dáadáa lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn èèyàn ti gbà.

Èyí ni ẹ̀kẹta, tàbí kí n ní ó jẹ́ ẹ̀kẹrin, mi ò kà á mọ́: bí àwọn èèyàn rẹ bá dákẹ́, má ní wọ́n ti gbà. Ẹni tó bá ṣì ń bá ọ jà ṣì fẹ́ bá ọ gbé. Àwa tí ogun ti lé rí kì í bá ara wa jà lórí ilẹ̀. A ti mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù. Bí ibì kan kò bá dára mọ́, a ó lọ. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àwọn ará abà rẹ, má fetí sí ẹnu wọn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Orí ilé wọn ni kí o wò. Ẹni tó bá ń fi bẹẹrẹ tuntun bo ilé rẹ̀ ń retí òjò tó ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí ti àná máa jẹrà lọ, ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́nà.

Òjó kò bo ilé àgbẹ̀dẹ rẹ̀ lọ́dún náà. Mo rí i. Mo ní ọ̀lẹ ti mú un.

O rántí ọjọ́ tó wá dágbére, nítorí o wà níbẹ̀. Ó ti hú òkúta tó fi ń rọ irin kúrò nílẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fi igi gbé e. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní, "Baálẹ̀, a fẹ́ lọ wo ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Lálúpọn."

Bàbá rẹ ní, "Ó dára. Ìgbà wo lẹ ó padà?"

Òjó ní, "Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá rẹ̀ ni, Baálẹ̀."

Kò gbé ohùn sókè. Bàbá rẹ súre fún un, nítorí wọ́n kì í kọ ìre fún arìnrìn-àjò. Lẹ́yìn náà ni ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kán tí kò sí ẹni tí yóò tún un rọ. Abà tí kò ní alágbẹ̀dẹ, ọ̀dọ̀ igbó ló ń lọ. Ilé Ìyá Ọlọ́sàn tẹ̀ lé e, ilé àwọn ará Òwu tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó bá wa jà. Olúkúlùkù ló wá dágbére, tó dọ̀bálẹ̀, tó gba ìre. Ìwọ náà dọ̀bálẹ̀, ìyàwó tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sì kúnlẹ̀. Bàbá rẹ kò súre fún ọ. Wọ́n wọlé. Èmi ni mo sìn ọ́ dé ìdí ìrókò, mo sì ṣe bí ẹni pé mo fẹ́ wá igi ìdáná kí n má bàa tètè padà sílé. Mi ò bínú sí ọ nígbà náà, mi ò sì bínú báyìí. Bí mo bá wà ní ọjọ́ orí rẹ, n ó lọ.

Ọmọ mi, ohun tí o ò mọ̀ nìyí, nítorí o ti lọ. Bàbá rẹ kò yé kó ààtàn lọ sí oko náà. Oko náà kò rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Àgbàdo á gbó, kò sí ẹnu tí yóò jẹ ẹ́, ọ̀bọ á wá ya á. Láràárọ̀ wọn á wẹ̀, wọn á wọ dàńdógó wọn, wọn á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n ti máa ń dá ẹjọ́. Ẹjọ́ kò wá. Wọn á jókòó títí oòrùn á fi kan àtàrí, wọn á bọ́ ẹ̀wù, wọn á wọlé. Èmi àti ìyálé mi ń wò wọ́n láti ìdí ààrò.

Ìyálé mi ló kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n jáde lọ́jọ́ kan, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ, wọ́n ní Àṣàkẹ́ gba ìkòkò àwọn láìtọrọ. Mo ya ẹnu. Mi ò mú ìkòkò kankan. Ìyálé mi wá ṣẹ́jú sí mi, ó sì yé mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní irọ́ ni, ìkòkò ìyá mi ni. Bàbá rẹ gbé ara nílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n bi èmi, wọ́n bi ìyálé mi, wọ́n ní ká gbé ìkòkò náà wá, wọ́n yí i wò nídìí. Wọ́n dá ẹjọ́ náà pẹ̀lú sùúrù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nígbà tí èèyàn kún agbo ilé, wọ́n ní ká jùmọ̀ jẹun. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti ìyálé mi ti ń wá ìjà. Adìẹ, igi ìdáná, iyọ̀, ta ló gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ta ni kò gbá a. A kò fẹ́ràn ara wa rí tó bí a ṣe fẹ́ràn ara wa nígbà tí à ń bá ara wa jà fún ọkọ wa. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá rẹ mọ̀. Mo rò pé wọ́n mọ̀. Wọn kò sọ ọ́.

Ìyálé mi ló kọ́kọ́ kú, ṣáájú bàbá rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ẹni tí n ó bá jà. Ẹnìkan kì í pe ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ilé méjì ló kù ní Àjọwá báyìí, tèmi àti ti Bàbá Ìkòyí àti ìyàwó wọn. Etí àwọn méjèèjì ti di. Bí mo bá kí wọn láàárọ̀, ó lè di ọ̀sán kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Mo ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ń kírun, mo ń ka ìwọ̀nba kéú tí bàbá mi fi sí mi lórí, mo sì máa ń gbé ohùn sókè níbi tí kò yẹ kí n gbé e, kí ilé lè gbọ́ nǹkan. Nígbà míràn mo máa ń lọ sí odò. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ kí n kọ́kọ́ pọnmi. Èmi nìkan ni mò ń pọn ọ́n, mo sì ní gbogbo odò. Ó ń dùn mí, Àlàní. Mi ò ní í fi pamọ́ fún ọ.

Jẹ́ kí n parí ìmọ̀ràn mi kí tákàdá tó tán, Gàm̀bàrí tó ń tà á kì í sábà kó o wá sí apá ibí mọ́.

Bí o bá ń lọ sí Ìbàdàn, má dá lọ. Ọdún iṣu rẹ ni kí o ti máa mú ẹnìkan dání, ẹni tó bá wu àwọn ará abà, àgàgà ẹni tí ìwọ kò fẹ́ràn. Jẹ́ kó gbé ẹrù wọlé. Pe orúkọ rẹ̀ sí ológun náà létí, sọ fún un pé ẹni yìí ni ẹ ó máa rí lẹ́yìn mi. Tún un sọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí bàbá rẹ bá ti ṣe ìyẹn, ọ̀rọ̀ tòótọ́ tí wọ́n rí sọ yẹn kò ní í jẹ́ òótọ́. Àwọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sọ ọ́ di òótọ́.

Kí àwọn ará ilé rẹ má tọ oko olórí lọ àfi kí wọ́n kórè. Kí ewúrẹ́ rẹ má sùn síbẹ̀. Bí ìyàwó rẹ bá da eérú, kó dà á sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò bínú sí mi. Sọ fún un pé kì í ṣe òun ni mò ń wò, ara mi ni mò ń wò nínú rẹ̀.

Dá oko kékeré kan fún ara rẹ láti ọdún àgbàdo, bó ṣe ìdí obì díẹ̀ ni. Ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ kì í fẹ́ dìde.

Bí ìgbà rẹ bá sì pé, kí o lọ sí ilé ẹni tó kàn kí gbogbo èèyàn tó dé ibẹ̀, kí o dọ̀bálẹ̀ fún un. Àárọ̀ ọjọ́ kejì yóò burú. Mi ò ní í tàn ọ́. Wàá jí, wàá gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ lọ kí ẹlòmíràn. Wàá rò pé wọ́n kórìíra rẹ. Wọn kò kórìíra rẹ, wọ́n ní ẹjọ́ ni. Má jókòó sílé máa gbọ́ ẹsẹ̀. Tọ Òjó lọ sídìí ẹwìrì. Òun náà jẹ olórí lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, èèkan bo oko rẹ̀, ó sì gbé ipò náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Elépo sọ fún mi pé ìdí iṣẹ́ rẹ̀ ni èèyàn máa ń pọ̀ sí jù ní abà yín. Bi í bó ṣe ṣe é ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tirẹ̀. Yóò sọ fún ọ.

Wàyí o, yàrá tí o mọ fún mi.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo dìde, mo di ẹrù mi. Aṣọ mi, wàláà bàbá mi, ìkòkò kan. Kò pọ̀. Mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Mo ń ro bí yàrá náà yóò ṣe rí, bí àwọn ọmọ rẹ yóò ṣe máa sáré kọjá, bí àwọn obìnrin yóò ṣe máa sọ pé, "Ìyá Olórí, ẹ kú àárọ̀ o." Mo tún un gbọ́ létí mi, mo rẹ́rìn-ín. Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbọ́ jù, ju ohùn àwọn ọmọ lọ. Mo jókòó ti ẹrù náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà mo tú u.

Mo mọ ara mi, Àlàní. Bí mo bá dé ilé olórí, bí wọ́n bá tún yà fún mi lẹ́bàá odò, ọdún ẹ̀gẹ́ rẹ á dé, n ó sì rí ọ̀rọ̀ tòótọ́ kan sọ sí ọ létí. Àgbà tí ó dá wà ni mí. Ẹnu mi ṣì dùn. Ìwọ sì máa ń gbọ́ tèmi.

Nítorí náà má wá mú mi. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Ó wù mí ju bí mo ṣe lè kọ lọ. Jẹ́ kí yàrá náà wà, kí o fi bẹẹrẹ bo orí rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ tí o bá gbé ipò náà fún ẹlòmíràn, tí wọ́n ti ń pè ọ́ ní Àlàní lásán, ọjọ́ náà ni kí o gba ọ̀nà Àjọwá wá. N ó bá ọ lọ láìbi ọ́ ní nǹkan kan. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, o ó bá mi láàyè.

Mo ti darúgbó, mi ò mọ iye ọjọ́ tó kù fún mi. Ohun kan ni mo mọ̀: bí o bá fi oṣù kan pére kún ìgbà tí wọ́n fún ọ, inú tèmi ni o ti bù ú.

Èmi ni ìyá rẹ, Àṣàkẹ́.